Eyín Ìyá Ọkọ Mi Tó Bá Àwo Lọ

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ fara balẹ̀ kí n ròyìn ohun tójú mi rí ní Ikeja lọ́jọ́ Sátidé. Ẹ̀rín ń pa mí bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ náà, ojú mi ò rẹ́rìn-ín rárá!

Mo mú ìyá ọkọ mi lọ gba awò ojú wọn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ ilé wa ní Dopemu mọ Alhaja. Wọ́n gbáfẹ́! Wọn ò lè yọjú sẹ́nu géètì láìlo ìborùn tó bá aṣọ mu. Ebi ti ń pa wá nígbà tá a ṣe tán, ni mo bá ní ká yà sí ilé oúnjẹ kan nítòsí. A ra iyán, ẹ̀gúsí àti ẹran ògúnfe.

Bí oúnjẹ ṣe dé, Màmá yíjú sí ògiri, wọ́n gbọ́wọ́ sẹ́nu fẹ́ẹ́, wọ́n fi tíṣù we nǹkan kan, wọ́n gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwo. Èmi? Mo ṣe bí ẹni tí ò rí nǹkan kan. Ó ti pẹ́ tí mo ti fura pé eyín iwájú Màmá kì í ṣe tiwọn, àti pé ó máa ń dùn wọ́n tí wọ́n bá fi jẹun. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi máa ń jẹun nínú yàrá. Ọkọ mi tí wọ́n bí lọ́mọ gan-an ò mọ̀. Ta wá ni mí tí mo máa sọ ọ́?

A jẹun tán, a lọ fọwọ́. Ká tó dé, tábìlì ti mọ́ tónítóní! Àwo ti lọ, ife ti lọ, tíṣù náà ti lọ.

Màmá gbá mi lọ́wọ́ mú. Wọ́n fi ìborùn bo ẹnu, wọ́n sọ sí mi létí pé eyín àwọn wà nínú tíṣù yẹn, pé kí n jọ̀ọ́, kí n má pariwo.

Ẹ̀yin náà ẹ mọ̀ mí. Èmi, kí n má pariwo kẹ̀? Mo ti figbe ta pé ta ló kó àwo ibí yìí!

Obìnrin tó gbé oúnjẹ fún wa sáré dé. Bùsọ́lá ni wọ́n kọ sí àyà aṣọ ẹ̀. Ó kúnlẹ̀, ó ní òun rò pé a ti lọ ni, ká má bínú. Mo ní kó ṣáà lọ wá tíṣù wa jáde. Ó bi mí pé kí ló wà nínú ẹ̀. Mo wo Màmá. Màmá mirí. Mo wá ní nǹkan pàtàkì ni!

Ibi tí mo ti ba ọ̀rọ̀ jẹ́ nìyẹn. Mánéjà ilé oúnjẹ náà gbọ́ "nǹkan pàtàkì", ó rí wúrà lọ́rùn àti lọ́wọ́ Màmá, ó ti parí ẹ̀ sí pé wúrà ló sọnù. Ó ní kí Bùsọ́lá lọ gbé báàgì ẹ̀ wá, kó tú u síta lójú gbogbo èèyàn, àti pé tí wọn ò bá rí i, kó má padà wá síbi iṣẹ́ mọ́. Ọkùnrin kan ní tábìlì kejì ti ń sọ pé bí wọ́n ṣe máa ń ṣe nìyẹn, olè ni gbogbo wọn.

Bùsọ́lá ń búra pé òun ò mú nǹkan kan, omijé sì ń dà lójú ẹ̀. Àánú ẹ̀ ṣe mí gan-an ni. Ṣé kí n sọ ọ́ ni, kí n dójú ti ìyá ọkọ mi? Àbí kí n dákẹ́, kí wọ́n sọ ọmọ ọlọ́mọ dolè? Ẹ̀yin ńkọ́, kí lẹ máa ṣe?

Mo ṣì ń rò ó nígbà tí Màmá dìde. Wọ́n ká ìborùn kúrò lẹ́nu, wọ́n lanu sílẹ̀ gbàgà kí gbogbo èèyàn lè rí àlàfo tó wà níbẹ̀.

"Eyín mi ni! Eyín mi ló wà nínú tíṣù. Ṣé ẹ ti rí i báyìí? Ẹ fi ọmọ yẹn sílẹ̀!"

Èmi ni mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún.

Mánéjà fẹ́ bẹ Màmá, Màmá ní Bùsọ́lá ni kó kọ́kọ́ bẹ̀. Ó sì bẹ̀ ẹ́ lójú gbogbo wa. La bá gbé garawa ìdọ̀tí síta, èmi, mánéjà àti Bùsọ́lá, a ń tú tíṣù ọlọ́bẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Bùsọ́lá ló rí i. Ó fi ọṣẹ àti omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ fọ̀ ọ́, ó gbé e sínú abọ́ kékeré, ó fi ìnura bò ó, ó wá gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ títí Màmá fi ki eyín wọn bọ ẹnu. Àdúrà tí wọ́n ṣe fún un, ṣe ni mo ń ṣàmín lemọ́lemọ́.

Ẹ̀yin ará, tí wọ́n bá ṣàṣìṣe nílé oúnjẹ, ó tọ́ kí wọ́n bẹ̀ wá, kí wọ́n sì tún un ṣe. Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó tún un ṣe fún wa, ṣé ó yẹ kí wọ́n ba ẹnì kan jẹ́? Ẹ sọ ohun tẹ́ ẹ ń wá gan-an, kí wọ́n lè bá yín wá a.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Màmá gbé oúnjẹ wọn jáde sí pálọ̀, wọ́n jókòó sáàárín wa. Wọ́n yọ eyín lójú ọmọ wọn, wọ́n gbé e sínú ife kan, wọ́n ní ẹni tó bá fẹ́ palẹ̀ mọ́, kó fi ife yẹn sílẹ̀ o!

Ẹ̀yin náà, kí ni wọ́n ti kó lọ lórí tábìlì yín rí? Ẹ kọ ọ́ síbí. Màmá ló ní kí n sọ ìtàn yìí, àwọn náà ló sì ní kí n ka gbogbo èsì yín sáwọn létí.