Aláǹtakùn Bàbárímisá

Tí ẹ bá dárúkọ Bàbárímisá, afunfèrè ìlú Moretan tó ti dolóògbé, ti Ablodé, òmìnira Tógò, ọdún 1960 ni wọ́n á kọ́kọ́ sọ fún yín. Ó ku ọ̀la kí Tógò gbòmìnira, Bàbá ti oko dé, ó rí i pé wọ́n ti gbá ògiri ilé òun, wọ́n sì ti fi ẹfun kùn ún.

"Àpọ̀kẹ́! Àwọn èèyàn mi dà?"

"Èèyàn wo, Bàbá Ìbíọlá?" ni ìyàwó rẹ̀ dáhùn. "Aláǹtakùn ni mo gbá dànù. Ablodé ló ń bọ̀ o!"

Bàbá káwọ́ lérí. Aláǹtakùn pẹlẹbẹ kan wà tó máa ń lẹ̀ mọ́ ògiri wa, tí ẹnikẹ́ni kì í kà sí. Awọ funfun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ló fi ń bo ẹyin rẹ̀. Awọ yìí ni Bàbárímisá máa ń lẹ̀ mọ́ ihò ẹ̀gbẹ́ fèrè rẹ̀ kí ohùn rẹ̀ lè máa kùn bí oyin. Láìsí i, igi lásán ló gbé sẹ́nu. Èyí tó wà lára fèrè sì ti ya. Bẹ́ẹ̀, òun ni Moretan yàn láti fun fèrè níbi àjọyọ̀ òmìnira ní Atakpamé lọ́la, níwájú àwọn ará ìlú Elavagnon tí ẹnu wọn kì í sinmi!

Ó ń wá awọ náà láti ilé dé ilé. Gbogbo ògiri funfun báláú.

"Òmìnira dé, ẹ wá ń lé onílé jáde!" ló ń pariwo.

Ó wá ku ilé ìjọsìn Étienne, Katikíìsì tó ń kọ́ àwọn ọmọ ìjọ, tí wọn kò tíì fi ẹfun kùn. Bàbá, abọ̀rìṣà paraku, wọlé, ó kúnlẹ̀ sídìí ògiri. Omi bọ́ lójú Katikíìsì.

"Ẹ̀gbọ́n, Olúwa ti pè yín!"

"Ẹ dákẹ́ ná, á ya!" ni Bàbá wí, tó ń fi èékánná ṣí awọ. "Èyí tí ọmọ ti jáde nínú rẹ̀ ni mo ń mú. Ẹ má gbá àwọn tó kù o."

Ní Atakpamé, ojú ti Igbẹ́kọ̀yí, ọ̀dọ́ afunfèrè Elavagnon. Wọ́n ti fi ẹfun kun ilé tiwọn náà, fèrè rẹ̀ kò dáhùn, àwọn èèyàn sì ń rẹ́rìn-ín. Bàbá dìde, ó ya awọ tirẹ̀ sí méjì, ó lẹ ìdajì mọ́ fèrè ọmọ náà.

"Ó yá, fun ún. Ṣùgbọ́n kí gbogbo wọn mọ̀ pé aláǹtakùn Moretan ni!"

Wọ́n jọ fun ún, ariwo "Ablodé!" sì gba gbogbo pápá. Láti ọjọ́ náà, Bàbá kò jẹ́ ká sinmi. Ó ní aláǹtakùn òun wà lára àwọn tó gba òmìnira. Inú wa dùn, a ò já a ní koro.

Igbẹ́kọ̀yí ti hewú lọ́jọ́ tí a sin Bàbá. Ó wá láti Elavagnon, ó ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fun fèrè sin bàbá òun àfi òun. Bàbá òun! Àwa ọmọ Moretan, tí a kì í gbà fún Elavagnon, a yà fún un lọ́nà. Bàbá fúnra rẹ̀ ló kọ́kọ́ pín awọ tirẹ̀ fún wọn. A ò lè wá fi Bàbá ṣahun.