Kókó Inú Kòtò Èjìká: Ọkọ Kí Àwẹ̀ró Pé Ó Dìgbà

Áà, Àwẹ̀ró! Ó dìgbà o, aya mi, ó dìgbà tí n kò mọ̀! Èmi káfíńtà tí mo ti kan pósí fún ọ̀pọ̀ ènìyàn ní Ẹdẹ yìí, nígbà tí ó kan tìrẹ, ìṣó ń bọ́ lọ́wọ́ mi. Ẹlẹgbẹ́ mi ni ó gba òòlù, tí ó ní kí n lọ jókòó.

Ẹ̀yin ará tí ẹ bá wa péjọ ní ilé Ọlọ́run lónìí, ẹ mọ̀ ọ́n. Ta ni ó hun kíjìpá bí Àwẹ̀ró? Láti ìlú Ara àti Alájùé ni wọ́n ti ń wá ra aṣọ rẹ̀. Kí oòrùn tó yọ, ó ti wà ní ìdí òfì, orin ìjọ lẹ́nu rẹ̀. Ó máa ń wí fún àwọn tí ń kánjú pé, "Òwú tí a kò ran dáadáa, ojú òfì ni àṣírí rẹ̀ yóò ti tú."

Ìdí òfì yẹn náà ni mo ti kọ́kọ́ fura, Àwẹ̀ró. O ń jókòó, o ń dìde, o tún ń jókòó. Mo ní kí ló dé. O ní, "Jẹ̀díjẹ̀dí ni, Bàbá Ayọ̀délé. Ẹ má jẹ́ kí ó dà yín láàmú." Ẹ̀jẹ̀ ń bá ìgbẹ́ rẹ jáde, ìtìjú kò jẹ́ kí o sọ. Nígbà tí mo sì mọ̀, kí ni mo ṣe? Mo já ewé, mo wa egbò, mo se àgbo. Ó lé ní ọdún kan tí mo fi ń sè é, tí ẹ̀jẹ̀ kò dá, tí ẹran ara rẹ ń tán lọ. Ọwọ́ èmi yìí ni ó ń bu àgbo náà fún ọ, Àwẹ̀ró. Ẹ̀yin ará, ẹ jọ̀wọ́, ẹni tí ó bá ń rí irú ẹ̀jẹ̀ bẹ́ẹ̀, kí ó má bò ó mọ́lẹ̀.

Ìgbà tí ikùn rẹ wú, tí o kò lè yàgbẹ́ mọ́, a wọ ọkọ̀ ojú irin tí àwọn àgbà ìlú ṣì ń bẹ̀rù, a lọ sí ilé ìwòsàn àwọn míṣọ́nnárì. Dókítà òyìnbó fi oògùn mú ọ sùn. Ó la ikùn rẹ, ó gé ibi tí ìfun ti bàjẹ́ kúrò, ó rán ìyókù pọ̀. O jí, o béèrè omi. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú òyìnbó náà.

Ó gbé mi dìde, ó mú mi lọ sẹ́yìn ilé. Ògbufọ̀ ń túmọ̀: "Ó ní òun ti gé àrùn náà kúrò nínú ìfun. Ṣùgbọ́n àwọn kókó kéékèèké kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìfun. Bí àrùn yìí kò bá tíì dé inú wọn, ẹni náà lè pẹ́ láyé. Ó ti dé inú ti ìyàwó yín. Ó yọ èyí tí ó rí. Kò mọ ibi tí ìyókù sá gbà."

Mo ní, "Ẹ bi í, ṣé yóò kú?"

Òyìnbó fèsì, ògbufọ̀ túmọ̀: "Ó ní àwọn tí kókó wọn rí báyìí, díẹ̀ nínú wọn ni ó ń pẹ́. Bí ẹ bá rí kókó líle nínú kòtò èjìká òsì rẹ̀, ní ẹ̀gbẹ́ ọrùn, àrùn náà ti tàn nìyẹn, ọ̀bẹ òun kò lè ran án lọ́wọ́ mọ́."

O kò jẹ́ kí n sinmi títí mo fi sọ gbogbo rẹ̀ fún ọ nínú ọkọ̀ tí a wọ̀ padà sílé. O wá ní, "Ó dára. Ẹ máa bá mi wò ó."

Láràárọ̀, lẹ́yìn àdúrà, ìka mi ń wá inú kòtò èjìká rẹ. Kò sí nǹkan. O padà sí ìdí òfì. Ayọ̀délé ọmọ wa bímọ, o pọn ọmọ náà. Òjò kan kọjá, ẹ̀ẹ̀rùn kan kọjá, mo ní nínú ọkàn mi pé òyìnbó yẹn kò mọ nǹkan kan.

Àárọ̀ ọjọ́ Ajé kan, ìka mi kan nǹkan. Ó le bí hóró àgbàdo gbígbẹ. Mo tẹ̀ ẹ́, mo tún tẹ̀ ẹ́, bí ẹni pé yóò yọ́. Mo ní, "Kò sí nǹkan níbẹ̀." O di ọwọ́ mi mú. "Bàbá Ayọ̀délé, ẹ jẹ́ kí ọwọ́ yín sinmi. Láti òru àná ni mo ti mọ̀."

Mo sáré kiri bí aṣiwèrè. Èmi díákónì tọ ẹ̀gbọ́n mi tí ń bọ òrìṣà lọ, mo dọ̀bálẹ̀, mo ní kí ó bá mi bẹ ẹnikẹ́ni tí ó bá lè gbọ́. Bí ìjọ bá fẹ́, kí wọ́n bá mi wí. Kókó náà kò yọ́.

Ọ̀sán ọjọ́ tí o lọ, o ní kí n gbé ọ sí ẹnu ọ̀nà kí o lè rí àwọn tí ń ti odò bọ̀. Orí rẹ wà ní àyà mi. O ń kí wọn lórúkọ, lọ́kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú ohùn tí kò ju mímí lọ. O kí ìyàwó tó ń gbé ilé kejì sí tiwa. Ẹni tí ó tẹ̀lé e kọjá, o kò kí i.

Àwẹ̀ró, wọ́n ní ìrora ti tán. Ó tán lára rẹ; ara mi ni ó kù sí. N kò mọ bí a ti ń jí ní ilé tí o kò sí. Ṣùgbọ́n o ti ṣiṣẹ́, o ti jìyà, ó tó. Sùn re, aya mi. Sùn re o.