Sèínábù, Akéde Kambolé Nígbà Ọyẹ́

Àwọn kan máa ń sọ pé ọ̀dọ̀ bàbá rẹ̀ ni Sèínábù ti jogún ohùn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Àgbẹ̀ oníṣu ni bàbá rẹ̀, ohùn rẹ̀ sì tẹ́ẹ́rẹ́ débi pé bó bá ń lé ewúrẹ́ kúrò nídìí èlùbọ́, ṣe ni ewúrẹ́ yóò gbójú sókè wò ó, tí yóò sì máa jẹ lọ. Sókódé, ìlú ńlá kan, ni Sèínábù ti rí ohùn. Ọ̀dọ́mọbìnrin ni nígbà tó bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ wáṣẹ́ níbẹ̀. Olówò kan tó ń ta ike àti fóònù gbé mẹ́gáfóònù lé e lọ́wọ́, ó ní kó dúró sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, kó máa pe oníbàárà. Sèínábù fi Tem, èdè àwọn ará ibẹ̀, pè wọ́n, ó fi Faransé pè wọ́n, ó fi Haúsá pè wọ́n. Bó bá sì rí ará Kambolé tó ń kọjá lọ bí ẹni tí kò rí i, a fi Yorùbá pè é tòun ti orúkọ ìyá rẹ̀, ojú a ti onítọ̀hún, a yà wá ra korobá.

Nígbà tí ara ìyá rẹ̀ kò dá ṣáṣá mọ́, ó padà wálé. Àsìkò náà ni mẹrí, ìyẹn ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó ìlú, ń wá ẹni tí yóò máa kéde fún wọn. Ẹ má ṣe pè é ní akéde ọba o. Ọba ní tirẹ̀. Iṣẹ́ ti Sèínábù ni ọ̀rọ̀ omi, ọ̀rọ̀ ìdọ̀tí, ọ̀rọ̀ ìwé ìbí ọmọ, ọjọ́ tí a kò gbọdọ̀ finá sí igbó mọ́ nítorí koríko ti gbẹ, àti ọjọ́ tí àwọn alábẹ́rẹ́ ń bọ̀. Wọ́n fún un ní mẹ́gáfóònù, wọ́n fún un ní alùpùpù. Lásìkò òjò, iṣẹ́ náà dùn mọ́ ọn. Òjò a ká gbogbo ayé mọ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀, ẹni tí kò tilẹ̀ fẹ́ gbọ́ a gbọ́.

Ọyẹ́ ló wá fojú rẹ̀ rí nǹkan.

Kò tíì pẹ́ tí ọyẹ́ bẹ̀rẹ̀ tí mẹrí fi ní kó kéde pé wọn yóò tú ẹ̀rọ omi ẹ̀bá ọjà palẹ̀ láti tún un ṣe, kí oníkálukú pọn omi rẹ̀ sílẹ̀. Sèínábù gun alùpùpù, ó kéde títí ètè rẹ̀ fi là. Nígbà tó di ọjọ́ náà, àwọn obìnrin gbé garawa, wọ́n tò lọ sídìí ẹ̀rọ, wọ́n bá irin nílẹ̀ yálayàla bí egungun màlúù lẹ́yìn Iléyá. Wọ́n bú Sèínábù débi pé bí èébú bá ń kún garawa, wọn kì bá tí pọn omi mọ́.

"Akéde tí kò kéde, ẹ ǹlẹ́ o!" ni Sàúdátù, ará ilé kejì rẹ̀, kí i lójú ọ̀nà. "Ò bá kúkú padà lọ máa ta korobá rẹ."

Yẹ̀kínì, akọ̀wé mẹrí, ránṣẹ́ pè é. Ọmọ Kambolé ni Yẹ̀kínì, kì í sì í pariwo. Ohun tó bá máa dun èèyàn jù lọ ló máa ń fi ohùn pẹ̀lẹ́ sọ.

"Sèínábù, àwọn alábẹ́rẹ́ ń bọ̀ láti Tchamba ní Ọjọ́bọ̀. Abẹ́rẹ́ àrùn ọrùn gígan ni, mẹ́nẹ́njíìtì. Ìwọ náà mọ̀ pé àsìkò eruku yìí ló máa ń jà."

"Mo mọ̀, ẹ̀gbọ́n."

"Àpótí oníyìnyín ni wọ́n fi ń gbé oògùn náà kiri. Hàkímù tó jẹ́ olórí wọn ti sọ fún mi: bí èrò kò bá tíì pọ̀ títí di ìrun ọ̀sán, òun yóò di ẹrù òun, ó di Koussountou, níbi tí wọ́n ti ń retí òun. Oògùn yẹn kì í dúró de ẹni tó lọ sóko."

"Wọ́n á pọ̀, ẹ̀gbọ́n."

"Bí wọ́n ṣe pọ̀ nídìí omi?" Yẹ̀kínì rẹ́rìn-ín músẹ́. "Bí ti Ọjọ́bọ̀ bá tún rí bẹ́ẹ̀, Fáwàsì ti ń bẹ̀ mí pé kí n gbé mẹ́gáfóònù fún òun."

Fáwàsì! Ohùn Fáwàsì dà bíi ti kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ tó tẹ ẹ̀gún mọ́lẹ̀. Sèínábù jáde síta. Iṣẹ́ náà ká a lára, ṣùgbọ́n ohun mìíràn tún wà níbẹ̀. Àzízì, ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ń tọ́, kò gbọ́ràn mọ́ láti ìgbà tí àrùn yẹn ti ṣe é. Òun tí ń fi ohùn jẹun ní ọmọ nílé tí ohùn òun kò lè dé etí rẹ̀. Kò fẹ́ kí ìyá kankan ní irú rẹ̀ ní Kambolé.

Bí wọ́n ṣe kírun Àsùbáà tán lọ́jọ́ kejì, ó ti wà lórí alùpùpù. Ìkùukùu eruku bo ìlú, ojú ọ̀nà funfun bí ẹni da èlùbọ́ sí i. Ó pariwo dé ẹ̀yìn mọ́sáláṣí, ó pariwo dé ilé Màmá Àṣàkẹ́. Àwọn àgbà jókòó yí iná ká níwájú ilé náà, wọ́n ń yáná. Ó kọjá lára wọn, ó ń ké, ẹnì kan kò yíjú. Inú bí i. Ó pa alùpùpù, ó sọ̀kalẹ̀.

"Màmá, ṣé ẹ ò gbọ́ ohun tí mò ń wí ni?"

Màmá Àṣàkẹ́ gbórí sókè. Ó ti fi gèlè wérí, ó fi ìborùn wé gèlè, ó tún wá fi tówẹ́ẹ̀lì ọmọ rẹ̀ di gbogbo rẹ̀ mọ́ àgbọ̀n. Ó tú tówẹ́ẹ̀lì, ó tú ìborùn, ó ká gèlè sókè, etí jáde.

"Ṣé èmi lò ń bá wí?"

Sèínábù wo àwọn yòókù. Bàbá Àlíù de fìlà onírun tó bo etí dé ọrùn. Àwọn tó kù ti fi láwàní dirí, ojú wọn nìkan ló hàn. Gbogbo Kambolé ti dí etí nítorí òtútù! Aṣọ ló ti ń kéde fún láti ọjọ́ yìí wá.

"Màmá, àwọn alábẹ́rẹ́ ń bọ̀ ní—"

"O ò ní kí wa ni?"

"Ẹ kú ọyẹ́, mà. Ẹ kú ọyẹ́, bàbá."

"Kú ọyẹ́. Jókòó."

"Mo ní ibi tí mò ń lọ, mà."

"Ẹni tó bá dúró nídìí iná, ẹjọ́ ló wá rò," ni Bàbá Àlíù wí, kò tilẹ̀ gbójú sókè. "A ò gbẹ́jọ́ láàárọ̀ yìí. Jókòó, ọmọ mi."

Ó jókòó, ó na ọwọ́ sí iná. Wọ́n fa iṣu kan yọ nínú eérú, wọ́n ha á, wọ́n fi òrí díẹ̀ pa á, wọ́n nà án sí i. Ìgbà tó gé e jẹ ni àwọn àgbà náà tó bẹ̀rẹ̀ sí í tú etí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, torí ẹni tó bá ti jẹ iṣu nídìí iná rẹ ti di ẹni tó yẹ kó o gbọ́ tirẹ̀. Sèínábù sọ̀rọ̀ abẹ́rẹ́. Kò pariwo rárá.

Ẹnu rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ṣì wà nígbà tí Dúpẹ́, ìyàwó ilé ẹ̀yìnkùlé, gbé àpáàdì dé láti wá fọn iná. Ìṣáná wà lọ́jà o, kò sì wọ́n. Ṣùgbọ́n ládùúgbò yẹn, bí ilé kejì bá ti dáná, tí o wá ń ṣá ìṣáná tìrẹ, wọn yóò ní o ń bá wọn ṣọ̀tá. Dúpẹ́ kó ẹ̀yinná mẹ́ta sínú àpáàdì, ó gbọ́ ọ̀rọ̀ abẹ́rẹ́ lórí ìdúró, ó sì ń tún un wí bó ṣe ń lọ.

"Ṣé o máa sọ ọ́ nílé?" ni Sèínábù bi í.

"Ta ni mi ò ní sọ ọ́ fún? Àwọn tó máa fọnná lọ́dọ̀ mi ti ń dúró."

Bí Sèínábù ṣe mọ ọ̀nà nìyẹn. Ó gbé mẹ́gáfóònù kọ́ sára ògiri. Láti òwúrọ̀ yẹn títí dé Ọjọ́rú, ìdí iná tí wọ́n bá kọ́kọ́ dá ládùúgbò kọ̀ọ̀kan ló ń lọ jókòó sí. Ó kí wọn kú ọyẹ́, ó jẹ iṣu wọn, ó gbé ọ̀rọ̀ fún ẹni tó bá wá fọnná. Ikùn rẹ̀ le bí ìlù. Bó bá rí iṣu lójú àlá, ṣe ló ń yíjú sí ògiri.

Ní Ọjọ́bọ̀ náà gan-an, Hàkímù àti àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ dé sábẹ́ máńgòrò tó wà níwájú ilé ìwòsàn. Nọ́ọ̀sì ni Hàkímù, kì í ṣe dókítà, ṣùgbọ́n ní Kambolé ẹni tó bá ti mú abẹ́rẹ́ lọ́wọ́, dókítà ni. Kó tó sọ àpótí kalẹ̀, gbogbo bẹ́ǹṣì ti kún. Ọkàn Sèínábù balẹ̀. Hàkímù wá rora wo ìlà náà láti iwájú dé ẹ̀yìn: irùngbọ̀n funfun, ọ̀pá ìtilẹ̀, ẹnu tí kò léyín.

"Tantí," ló wí fún Sèínábù, bí àwọn elédè Faransé ṣe ń pe àǹtí, "kí lèyí?"

"Ará Kambolé ni, dókítà. Wọ́n ti dé."

"Mo rí i pé wọ́n ti dé. Wọ́n ti pẹ́ láyé kí wọ́n tó dé ni. Ṣebí ẹni tí kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún la ní kẹ́ ẹ pè?"

Sèínábù fọwọ́ bo ẹnu. Yẹ̀kínì ti sọ ọ́ fún un. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kúkúrú ló ń bá ẹ̀yinná lọ: Ọjọ́bọ̀, abẹ́rẹ́ ọrùn gígan, abẹ́ máńgòrò. Ọ̀rọ̀ ọjọ́ orí ti bọ́ sọnù sínú iṣu. Àwọn wo ló sì ń jókòó yáná bí kò ṣe àgbà? Àwọn ọmọdé ṣì ń ká kò sábẹ́ aṣọ nígbà yẹn, àwọn géńdé sì ti mú ọ̀nà oko pọ̀n.

Ó kúnlẹ̀ níwájú bẹ́ǹṣì. "Ẹ̀yin bàbá, ẹ̀yin ìyá, ẹ má bínú sí mi. Àwọn ọ̀dọ́ ló ni abẹ́rẹ́ náà."

"Ta ló sọ pé èmi kì í ṣe ọ̀dọ́?" ni Bàbá Àlíù wí. "Ọgbọ̀n ọdún kò tíì pé mi."

"Àkọ́bí rẹ ti lé ní ogójì," ni Màmá Àṣàkẹ́ dá a lóhùn.

"Mo bí i kí n tó dáyé ni."

Ẹ̀rín sọ lábẹ́ máńgòrò, ṣùgbọ́n Hàkímù kò rẹ́rìn-ín. Oòrùn ti ń gòkè, yìnyín sì ń yọ́. Ó ṣẹ́jú sí awakọ̀ pé kó máa fi okùn di ẹrù padà. Lójú ọ̀nà, Fáwàsì ti yọ, ó káwọ́ lẹ́yìn bí ẹni tó wá wo ilé tí wọ́n fẹ́ fi fún un.

"Ẹ̀yin àgbà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa lọ sinmi nílé," ni Sèínábù wí.

Bàbá Àlíù kò mira. "Ọmọ mi, mo jáde nílé tòun ti agbádá. Gbogbo ẹni tó kí mi lọ́nà ló bi mí pé níbo, mo ní mò ń lọ gbabẹ́rẹ́. Kí n wá padà bí mo ṣe lọ, kí wọ́n máa fi mí ṣẹ̀fẹ̀? Àgbà kì í jáde lásán." Ó ti ọwọ́ bọ àpò, ó yọ fóònù, ó pe àbíkẹ́yìn rẹ̀. "Jímọ̀! Níbo lo wà? Fi ọkọ́ sílẹ̀. Kó àwọn ọmọ, kó ìyàwó rẹ, máa bọ̀ níbi abẹ́rẹ́. Mo ní mo ti ń bá yín jókòó sáàyè láti àárọ̀! Ṣé o fẹ́ kí n jókòó gbé ni?"

Àwọn yòókù gbọ́ ọ. Fóònù ń yọ lápò, fóònù ń yọ nídìí ìró. Màmá Àṣàkẹ́ pe Ṣítù ọmọ ọmọ rẹ̀ tó ń gun zémì, ìyẹn alùpùpù akérò, ní Sókódé.

"Ìyá àgbà, Sókódé ni mo wà o."

"Mo mọ̀. Ṣé wọn ò ní alùpùpù ní Sókódé ni?"

Ta ló tó jẹ́ kí bàbá rẹ̀ jókòó gbé lójú ìlú? Wọ́n ń bọ̀ lórí alùpùpù, mẹ́ta mẹ́ta, mẹ́rin mẹ́rin, eruku oko lẹ́sẹ̀, àwọn ìkókó lẹ́yìn ìyá. Bí ilé kan bá ti dé, àgbà ilé náà a dìde lórí bẹ́ǹṣì, a fọwọ́ ara rẹ̀ fi wọ́n sáàyè rẹ̀, a wá gbọn agbádá, a yan lọ sábẹ́ igi bí ẹni tó ti ṣe tirẹ̀. Kí ládàánì tó pe ìrun ọ̀sán, ìlà ti gba ẹnu ọ̀nà jáde sí títì.

"Ẹ tú okùn yẹn padà," ni Hàkímù wí fún awakọ̀, ó ká apá aṣọ sókè. Fáwàsì fúnra rẹ̀ tò sórí ìlà; kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún.

Nígbà tí oògùn tán nínú àpótí, Yẹ̀kínì dé. Ó wo ilẹ̀ tó kún fún òwú, ó wo Sèínábù. "O ṣé," ló wí, jẹ́ẹ́jẹ́ bí ìṣe rẹ̀. "Máa bá iṣẹ́ rẹ lọ."

"Mo gbọ́, ẹ̀gbọ́n. Àwọn àgbà rán mi sí mẹrí."

"Wọ́n rán ọ sí wa kẹ̀? Ṣé akéde wa ni ọ́ ni, àbí akéde wọn?"

Sèínábù nawọ́ sábẹ́ igi, níbi tí Bàbá Àlíù àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti kọ̀ láti lọ sílé. "Wọ́n ní eruku ọyẹ́ yìí ti ba ojú àwọn jẹ́. Wọ́n ní bí ti ọ̀dọ́ bá ti kọjá, kí mẹrí wá oníṣègùn ojú fún àwọn náà. Wọ́n ń retí èsì." Ó sún mọ́ Yẹ̀kínì. "Ẹ̀gbọ́n, bí ẹ bá ti mú ọjọ́, ẹ jọ̀ọ́, ọjọ́ orí ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ sọ fún mi."