Àmì Tó Wà Lórí Ràfíù Nínú Àwòrán Àwo Orin Wa

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi tí ẹ máa ń ka ohun tí mo bá kọ, ẹ fara balẹ̀ fún mi lónìí. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi ní Warri ni mo fẹ́ rò fún yín, n kò sì tíì rò ó délẹ̀ fún ẹnikẹ́ni rí. N kò ní dárúkọ ẹgbẹ́ olórin wa, n kò sì ní dárúkọ àwọn tó tẹ àwo náà jáde. Ẹni tí ejò ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, á sá.

Ìgbà tí owó epo ń ṣàn ni. Iṣẹ́ wẹ́dà ni mò ń ṣe ní Ekpan, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ ilé ìfọpo. Bó bá di ọjọ́ Sátidé, a ó gbé gìtá. Àwa mẹ́rin la dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, orin rọ́ọ̀kì là ń kọ, irú èyí tí gìtá inú rẹ̀ máa ń ké bí ẹni tí wọ́n fà létí. Èmi ni mo dàgbà jù. Ràfíù ló ń kọrin.

Ìyá Ràfíù wá láti Ìsẹ́yìn, abọ́ tánganran ló ń tà ní Deco Road. Ìyá yìí ló gbà mí sílé nígbà tí mo kọ́kọ́ dé Warri tí n kò mọ ẹnì kankan. Yorùbá ló máa fi bá wa sọ̀rọ̀, Ràfíù á sì fi Pidgin dá a lóhùn. Á ní, "Mama, I don hear." Ìyá á ní, "Ta ni màmá ẹ? Ṣé òyìnbó ni mo bí ni?" Báyìí ni wọ́n ṣe máa ń ṣe é lójoojúmọ́, tí a ó máa rẹ́rìn-ín.

Ọkùnrin kan tó ń gba kọńtíráàkì lọ́wọ́ àwọn elépo ló ná owó sórí àwo wa. Ó ní kí a lọ ya fọ́tò níwájú iná gáàsì tí àwọn elépo ń jó dànù tọ̀sán-tòru, kí gbogbo ayé lè mọ̀ pé Warri ni orin náà ti wá. Monday onífọ́tò, ọmọ Urhobo, ló mú wa lọ sí etí odò kan nírọ̀lẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàpèjúwe àwòrán tó wà lára páálí àwo náà dáadáa, nítorí ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà.

Àwa mẹ́rin dúró nínú omi tó dé orúnkún. Iná gáàsì ga lẹ́yìn wa, ó dà bíi pé orí wa ló ti ń jáde. Dúdú àti pupa ni gbogbo rẹ̀, kò sí àwọ̀ mìíràn. Ràfíù wà láàárín, ó di ojú, ó na àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì síwájú. Lókè orí rẹ̀, àmì pupa kékeré kan wà níbẹ̀: ìlà méjì tó dábùú ara wọn.

Kí ni ìtumọ̀ rẹ̀? Mo wà níbẹ̀, mo mọ̀ ọ́n. A dúró sínú omi nítorí pé ilẹ̀ gbígbẹ tó wà níbẹ̀ kò ju ibi tí Monday lè gbé ẹsẹ̀ kámẹ́rà rẹ̀ lé lọ. Àwọ̀ méjì ni nítorí pé ẹni tó ń náwó ní àwọ̀ ti wọ́n jù. Èéfín ló mú kí Ràfíù di ojú. Ọwọ́ tó nà ńkọ́? Ẹ̀fọn ló ṣẹ̀ṣẹ̀ pa, ó ń fi ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ hàn wá. Monday ní, "Na your own blood you dey show us so." Ràfíù fẹ́ fèsì, ni Monday bá tẹ kámẹ́rà.

Àmì náà ńkọ́? Ayàwòrán tó máa ṣètò páálí náà wà ní Èkó, kò mọ̀ wá rí. Ó ránṣẹ́ pé èwo nínú wa ni akọrin, kí òun lè gbé e sáàárín. Monday mú bírò pupa, ó sàmì sórí Ràfíù nínú fọ́tò, ó fi ránṣẹ́. Ẹni tó wà ní Èkó rò pé àmì ẹgbẹ́ wa ni. Ó fi búrọ́ọ̀ṣì tún un ṣe kó dára.

Àbí ẹ ti mọ ibi tí mò ń lọ? Ta ni kò ní irú fọ́tò bẹ́ẹ̀ ní pálọ̀? Ẹbí tàbí ẹgbẹ́ á tò jọ nínú rẹ̀, bí ẹnì kan bá sì kú, a ó fi bírò fa ìlà méjì sórí rẹ̀, kí ọmọ tó bá ń wò ó lè mọ ẹni tó ti lọ. Àìmọye ìgbà ni Monday ti bá àwọn èèyàn fa irú ìlà bẹ́ẹ̀. Ó ń wá bó ṣe máa tọ́ka sí ẹnì kan, ọwọ́ rẹ̀ sì fa èyí tó ti mọ́ ọn lára. Kò ro nǹkan kan.

Nígbà tí páálí náà dé, ẹni tó ń lu ìlù wa gbé e súnmọ́ ojú. Ó ní, "Dem don cross am." Mo ní kí a dá gbogbo rẹ̀ padà. Ẹni tó náwó ní wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ tán, ta ló fẹ́ san òmíràn? Ràfíù gbé páálí náà lérí, ó ń yan kiri. "Bros, na crown be this. You dey jealous." Kò gbé e dé ilé rárá, nítorí pé ìyá rẹ̀ kò fẹ́ gbọ́ ariwo gìtá.

Kò pẹ́ rárá sí ìgbà náà. A ń bọ̀ láti ibi tí a ti lọ ṣeré ní Orhuwhorun, ojú ọ̀run mọ́ kedere, táńkà kan tí bíréèkì rẹ̀ já sì gbá bọ́ọ̀sì wa. Orí ìjókòó kan náà ni èmi àti Ràfíù wà, èjìká rẹ̀ kan tèmi. Apá mi kán. Àwọn yòókù fara pa. Ràfíù kò sọ̀rọ̀ mọ́. Wọ́n sin ín kí oòrùn tó wọ̀, gẹ́gẹ́ bí ẹ̀sìn rẹ̀.

Ìgbà náà ni àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í túmọ̀ àwòrán wa. Àwọn tó ń ta àwo orin gbé e kọ́ síwájú ṣọ́ọ̀bù, ẹni tí kò gbọ́ orin náà rí á dúró, á máa fi ìka tọ́ ọ. Wọ́n ní iná yẹn ni ojúbọ, pé inú omi yẹn la ti búra. Wọ́n ní ojú tó dì yẹn, ó ti lọ nìyẹn, ọwọ́ tó nà sì fi hàn pé a ti fà á kalẹ̀ fún ẹbọ. Gbogbo rẹ̀ bá ara mu ju òtítọ́ tí mo mọ̀ lọ. Ẹni tó náwó tún gba kọńtíráàkì tuntun, wọ́n ní ṣé a ò rí i báyìí pé Ràfíù ló fi ṣòògùn owó? Monday ti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ pa, ó sá lọ sí abúlé. Níbi iṣẹ́, àwọn tí à ń jọ jẹun kó abọ́ wọn dìde. Ẹnì kan bi mí lójú gbogbo èèyàn pé, "You wey sit down near am, why you still dey?"

Èmi náà ń bi ara mi ní ìbéèrè yẹn.

Ẹnì kan ló gbé páálí náà lọ fún Ìyá Ràfíù. Ìyá ránṣẹ́ sí mi. N kò fẹ́ lọ, àmọ́ n kò lè jẹ́ kí ìyá yẹn kú pẹ̀lú ìgbàgbọ́ pé wọ́n ta ọmọ òun. Mo lọ bá Monday ní abúlé, mo gba fọ́tò mìíràn lọ́wọ́ rẹ̀, èyí tí kò fi bírò kàn rí, kí n lè fi han Ìyá.

Ìyá jókòó láàárín àwọn abọ́ wọn. Mo dọ̀bálẹ̀, wọ́n ní kí n dìde, apá mi ṣì ń dùn mí. Mo ṣàlàyé omi, mo ṣàlàyé iná, mo ṣàlàyé ẹ̀fọn. Mo gbé fọ́tò náà lé wọn lọ́wọ́. Mo ní, "Ìyá, ẹ wò ó, kò sí nǹkan kan lórí rẹ̀ níbí."

Wọ́n wò ó pẹ́. Wọ́n ní, "Ó dáa. Ẹnì kan ló wá fọwọ́ ara rẹ̀ fà á síbẹ̀ nìyẹn."

Mo ní kí wọ́n lè mọ akọrin ni.

"Wọn ò lè fi ọfà tọ́ka sí i ni, Ìṣọ̀lá? Wọn ò lè kọ orúkọ rẹ̀ sẹ́yìn fọ́tò? Ọmọ mi ò lórúkọ?"

Mo ní wọ́n lè kọ ọ́, Ìyá. Mo ní àṣìṣe ni. Mo ní àmì náà kò ní ìtumọ̀ kankan.

Wọn kò bínú. Wọ́n fa bírò kan yọ lábẹ́ ìtẹ́lẹ̀ ìjókòó, bírò pupa tí wọ́n fi ń kọ iye sídìí abọ́. Wọ́n tẹ́ páálí àwo náà sórí orúnkún mi, wọ́n fi ìka kan ibi tí mo dúró sí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ràfíù. "Bí kò bá ní ìtumọ̀, fà á sórí tìẹ kí n rí i. Màá sì gbà ọ́ gbọ́. N kò ní bi ọ́ léèrè mọ́ láéláé."

Mo gba bírò náà. Ẹnu rẹ̀ kan páálí, ó ṣe àmì bíńtín kan sókè orí mi. Mo mọ̀ pé bírò lásán ni, páálí lásán sì ni. Ọwọ́ mi kò lọ síwájú. Òógùn ń kán sórí àwòrán náà. Ìyá ń wò mí, kì í ṣe páálí ni wọ́n ń wò.

Wọ́n rọra gba bírò lọ́wọ́ mi, wọ́n dé e. Wọ́n ní, "Mo ti gbọ́, ọmọ mi. Máa lọ sílé." Kí oṣù tó pé, wọ́n ti kó abọ́ wọn padà sí Ìsẹ́yìn. Mo kọ̀wé sí wọn, wọn kò fèsì.

Ẹ̀kọ́ wo ló wà níbẹ̀? Mo ti wá a tipẹ́. Ohun tí mo lè sọ kò ju pé kéèyàn mọ òtítọ́ kò tíì tó, bí ọkàn rẹ̀ kò bá lè dúró tì í lójú ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀. Ẹ̀yin tí ọ̀rọ̀ báyìí ti bá rí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ tiyín fún mi. Bí ẹ kò bá sì ní tiyín, ẹ kàn mú fọ́tò kan tí ẹ̀yin àti òkú yín jọ yà, ẹ mú bírò, kí ẹ sì sọ fún mi bóyá ẹ lè fa ìlà méjì yẹn sórí ara yín.