Ògiri Tí Bàbá Mi Kọ̀ Láti Bò

Wọ́n ń sọ ní àfonífojì wa pé ilé ló pa bàbá mi. Irọ́ ni. Èmi ni mo wà níbẹ̀, ẹ jẹ́ kí n kọ bó ṣe rí.

Orbin Neace lorúkọ rẹ̀. Iṣẹ́ ògiri ló fi ogójì ọdún ṣe: pátákó ẹfun, èyí tó ní bébà níwájú àti lẹ́yìn, tí gbogbo wa ní Kentucky fi ń bo òpó igi inú ilé. Ó máa ń fi orí gbé odidi kan mọ́ àjà, á máa yí síkúrù wọ̀ ọ́, á sì tún máa bú àwọn olóṣèlú. Ìyẹ̀fun ẹfun yẹn ló ba ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ jẹ́. Ó ti ń wúkọ́ kí n tó mọ ìrìn.

Ní oṣù keje odò kún, omi wọ ilé wa dé ìbàdí mi. Gbogbo pátákó tó rin, a gé e láti ilẹ̀ dé àyà, a kó o dà síta. Bí o bá wà ní ilé ìdáná, wàá rí orúnkún ẹni tó jókòó sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Bàbá mi ta aṣọ ibùsùn sáàárín.

Lọ́sẹ̀ kẹta, Glenna, tó ń darí àwọn olùyọ̀ǹda ṣọ́ọ̀ṣì, gbé ọkọ̀ ńlá dé. Pátákó ọ̀fẹ́, òṣìṣẹ́ ọ̀fẹ́.

“Arákùnrin Orbin, ọjọ́ kan péré la máa fi bo gbogbo ẹ̀.”

“Kò tíì gbẹ.”

“Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta?”

Bàbá mi fi ẹ̀rọ kékeré eléyín méjì tó ń wọn omi inú igi gún òpó, ó sì na ojú ẹ̀rọ náà sí Glenna. Mọ́kàndínlọ́gbọ̀n nínú ọgọ́rùn-ún. “Tó bá di mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ẹ padà wá. Ẹ bá mi kí Jésù.”

Glenna rẹ́rìn-ín, àmọ́ ó dùn ún. Wọ́n kọjá sọ́dọ̀ Dillard, aládùúgbò wa. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ògiri Dillard ti funfun báláú.

Láti ọjọ́ náà, Dillard sọ ẹnu ọ̀nà wa di ibi yẹ̀yẹ́.

“Orbin, ṣé ilé lò ń gbé ni àbí àgò adìyẹ?”

“Adìyẹ mọ̀ tí ibùsùn ẹ̀ bá tutù. Ìwọ ńkọ́?”

“Oníṣẹ́ ògiri tí kò ní ògiri. Mo ti rí nǹkan.”

Òtútù dé ní oṣù kẹwàá. Ikọ́ náà burú sí i. Mo bẹ̀ ẹ́.

“Bàbá, ẹ jẹ́ ká bò ó. Òtútù yìí pọ̀ fún yín.”

“Estill, o rò pé òtútù ò mú mi? Tá a bá sé omi mọ́nú ògiri, á bu. Oṣù díẹ̀ ni màá fi mí ebu yẹn símú. Ìwọ lo máa fi ogójì ọdún mí i.”

Mi ò bẹ̀ ẹ́ mọ́. Mo ń dáná, mo ń tan fáànù kí igi lè gbẹ.

Àárín oṣù kọkànlá ni ẹ̀rọ náà tó ka mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Bàbá mi ò lè gbé nǹkan mọ́. Ó jókòó lórí korobá, èmi ń ṣiṣẹ́.

“Má jẹ́ kí síkúrù já bébà. Bébà ló di pátákó mú. Ẹfun ò di nǹkan kan mú.”

Tí mo bá já a, á ní kí n yí òmíràn sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ilé ìdáná parí. Yàrá iwájú parí. Ní oṣù kejìlá ó kú sí ọsibítù. Ó ku yàrá tirẹ̀.

Níbi ìsìnkú, Dillard bá wa gbé pósí. “Ọmọ mi, oríkunkun ló pa á. Ilé tó ṣí sílẹ̀ yẹn ni.”

“Ìyẹ̀fun ni, sà. Ó ti tó ọdún mọ́kànlá tí dókítà ti sọ fún wọn.”

“Bó o bá ṣe fẹ́ kó rí.”

Ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà lára pósí.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, Glenna dé pẹ̀lú ọkùnrin mẹ́rin àti agbọ̀n oúnjẹ.

“Estill, jẹ́ ká bá ẹ parí yàrá Bàbá.”

“Ẹ ṣé, mà. Èmi ni màá ṣe é.”

“Kì í ṣe ìtìjú kéèyàn gba ìrànlọ́wọ́.”

“Ojú ò tì mí, mà. Mo máa gba oúnjẹ yẹn.”

Wọ́n gbé ẹ̀wà àti búrẹ́dì àgbàdo sílẹ̀, wọ́n lọ.

Mo fi ọ̀bẹ la bébà, mo fi orúnkún ṣẹ́ pátákó. Mo ti igi kékeré bọ abẹ́ rẹ̀, mo fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ títí pátákó fi gbéra nílẹ̀ ní ìwọ̀n ìka kan, kí ó má baà máa fa omi ilẹ̀ mu. Mo yí síkúrù. Mo já bébà nígbà mẹ́ta. Mo yí òmíràn sí ẹ̀gbẹ́ wọn. Ọjọ́ méjì gbáko.

Ní oṣù kejì, Dillard ń kó ògiri tirẹ̀ dà sójú ọ̀nà, ẹ̀yìn rẹ̀ dúdú fún ebu. Síbẹ̀ wọ́n ṣì ń sọ ní ṣọ́ọ̀bù pé ilé ló pa bàbá mi.

Yàrá bàbá mi ni mò ń sùn báyìí. Mi ò ta ilé náà, mi ò sì ní kó kúrò. Ẹni tó bá lọ́rọ̀ sọ, kó wá gbé imú rẹ̀ sára ògiri.