Wúràọlá Tó Ń Sẹ́ Omi Bí Ẹni Ń Sẹ́ Ògì

Ọdọọdún tí ìgbà iṣu gbígbìn bá dé ní Ìdèrè ni sòbìyà máa ń dá Búrẹ́mọ̀ dùbúlẹ̀. Aràn náà á yọ lẹ́sẹ̀ rẹ̀ bí òwú, ọkọ́ rẹ̀ á fẹ̀yìn ti ògiri. Wúràọlá ìyàwó rẹ̀, ìyá Hàlímọ̀, ni í kọ ebè, bẹ́ẹ̀ ògì títà gan-an niṣẹ́ tirẹ̀.

Lọ́dún 1974, Edith, nọ́ọ̀sì kan láti Igbó-Ọrà, wá sí agboolé wọn. Ó ní inú omi adágún ni sòbìyà ti ń wọ ara, pé kí wọ́n máa fi aṣọ sẹ́ ẹ kí wọ́n tó mu ún.

Wúràọlá bú sẹ́rìn-ín. "Nọ́ọ̀sì, ṣé sísẹ́ náà nìyẹn? Kí ni mo ń fi ògì ṣe látàárọ̀?"

Lọ́jọ́ yẹn gan-an ló ta aṣọ funfun bo ẹnu ìkòkò. Nígbà tí Edith tún sọ fún un pé yanrìn máa ń gba ìdọ̀tí dúró, ó lu ihò sídìí ìkòkò mìíràn, ó da òkúta wẹ́wẹ́ àti yanrìn fífọ̀ sí i, ó gbé e lé ti àkọ́kọ́. Omi wá ń kán tó, tó, tó. Èyí tó fi fọ yanrìn, ìdí ata lẹ́yìnkùlé ló ń dà á sí.

Àkànó, àbúrò ọkọ rẹ̀, dúró wò ó.

"Ìyàwó wa, òùngbẹ á ti pa èèyàn kí omi yín tó kún ife."

"Ẹ lọ mu ti adágún, ó ń dúró dè yín."

Ó sì lọ lóòótọ́.

Nígbà tí ìgbà iṣu padà dé, Búrẹ́mọ̀ yẹ ojúgun rẹ̀ wò títí bí ẹni ń wá abẹ́rẹ́. Kò rí nǹkan kan. Ó gbé ọkọ́, ó ń kọrin lọ sóko. Àkànó ló wà lórí ẹní, tẹ́sẹ̀ rẹ̀ wú. Wúràọlá kò fi í ṣẹ̀sín. Omi ló gbé lọ fún un.

Bí gbogbo agboolé ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í wá bu omi nìyẹn. Kí ọ̀sán tó pọ́n, ìkòkò ti gbẹ. Àwọn àgbà ní kí wọ́n gbé ìkòkò ńlá kan sáàárín agboolé, kí Wúràọlá máa ṣọ́ ọ.

"Èmi kọ́!" ló dáhùn. "Ìgbà wo ni n ó wá ta ògì? Kí ilé kọ̀ọ̀kan ní tirẹ̀. N ó kọ́ yín."

Àkànó ló kọ́kọ́ wá, ó ń tiro. Ó jókòó ti agbada, ó ń fọ yanrìn tí yóò dà sí ìkòkò tirẹ̀, àwọn ọmọdé ń fi í rẹ́rìn-ín.

"Ó ti mọ́, Ìyá Hàlímọ̀."

Wúràọlá tẹjú mọ́ omi inú agbada. "Kò tíì mọ́. Ẹ tún un fọ̀."

Ó tún un fọ̀.