Wàláà Tí Mo Fọ̀ Láàárọ̀ Jímọ̀

Òórùn tàdáwà, yíǹkì tí àwọn àfáà fi ń kọ̀wé, ló máa ń jí mi nílé wa ní Ìwó, kì í ṣe àkùkọ. Bàbá tó bí bàbá mi, tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Àfáà, kò gbà láti fi yíǹkì ilé ìtàwé kọ nǹkan kan. Àgbàdo ni wọ́n máa ń yan títí yóò fi dúdú bí èédú, wọ́n á lọ̀ ọ́ kúnná, wọ́n á sì sè é pẹ̀lú oje igi nínú ìkòkò kan tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi ṣe ohun mìíràn. Àlejò tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé á rò pé oúnjẹ ẹnìkan ló ń jóná. Àwa tí à ń gbébẹ̀ mọ̀ pé Bàbá ti kírun àsùbáà tán nìyẹn, iṣẹ́ sì ti bẹ̀rẹ̀.

Iṣẹ́ tèmi ni wàláà fífọ̀. Gbogbo ẹni tó bá lọ ilé kéú láyé ìgbà tiwa ló mọ wàláà, pákó pẹlẹbẹ tí a fi ń kọ́ kíkọ àti kíkà. Nílé wa, ó tún ní iṣẹ́ kejì. Bí ara ẹnìkan kò bá yá, Bàbá á kọ ẹsẹ Kùránì sí i, wọ́n á fi ti ògiri lẹ́bàá ilẹ̀kùn kó lè gbẹ. Tó bá gbẹ, èmi ni n óò fi omi ṣàn án sínú abọ́. Omi dúdú yẹn là ń pè ní hàntú, aláìsàn á sì mu ún. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni mí nígbà náà, ó sì dá mi lójú pé èmi gan-an ni mò ń wo àdúgbò sàn, pé Bàbá kàn ń bá mi kọ̀wé ni. Ìyá mi, tí wọ́n jẹ́ akọ̀wé ní ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀, kì í fi ọ̀nà kan ṣe. Ọ̀rọ̀ ẹnu wọn ni, "Mu ti Bàbá, kí o tún lọ mu ti nọ́ọ̀sì." A sì máa ń mu méjèèjì.

Lọ́dún yẹn ni obìnrin kan gun ọ̀kadà wá sílé wa láti gáréèjì. Olùkọ́ yunifásítì ni wọ́n, àwa ọmọdé sì sọ wọ́n ní Àǹtí Yunifásítì. Wọ́n ń ṣèwádìí nípa bí àwọn ará Ìwó ṣe ń tọ́jú ọmọ nígbà tí èéyi bá jà, kí ilé ìwòsàn tó sún mọ́ wa. Ẹnìkan ní Kuta, nítòsí wa, ló júwe ìyá Bàbá fún wọn, Àṣàkẹ́, tó ti kú tipẹ́. Bí èéyi bá ti wọlé, Àṣàkẹ́ á kó àwọn ọmọ tó mú sí yàrá kan lẹ́yìnkùlé, á tì í mọ́ àwọn tí ara wọn le, á sì máa bá wọn gbé inú rẹ̀ títí ibà á fi lọ. Bàbá, tí wọ́n ṣì kéré nígbà náà, ló máa ń gbé ògì sí ẹnu ọ̀nà yàrá náà láràárọ̀. Ìyá wọn á sì máa ké jáde láti inú yàrá pé ta ló jẹun, ta ni kò jẹun, ewé wo ló tán.

Àǹtí Yunifásítì gbé ẹ̀rọ agbóhùnsílẹ̀ kalẹ̀. Bàbá wò ó, wọ́n ní, "Nǹkan yìí ń kán mi lójú. Ẹ fún mi títí di Jímọ̀. N óò kọ ọ́, n óò sì kà á fún yín."

Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni wọ́n fi kọ ọ́. Bàbá kì í fi tákàdá ṣòfò. Orí wàláà ni wọ́n ti máa ń kọ nǹkan ná, kí wọ́n tó dà á kọ sórí tákàdá. Èdè Yorùbá ni, lẹ́tà kéú ni wọ́n fi kọ ọ́. Mo máa ń rí wọn tí wọ́n dijú, tí wọ́n ń fi ìka ka orúkọ àwọn ọmọ inú yàrá yẹn, àwọn tó yè àti àwọn tí kò yè. Wọ́n sọ fún ìyá mi pé, "Orúkọ ìyá mi máa wọ ìwé." N kò tíì rí kí inú wọn dùn tó bẹ́ẹ̀ rí.

Àárọ̀ Jímọ̀ náà, ara Múdà àbúrò mi gbóná janjan. Bàbá ti lọ wẹ̀. Mo rí wàláà kan tó gbẹ lẹ́bàá ilẹ̀kùn, níbi tí ti àwọn aláìsàn máa ń wà. Mo wo òkè rẹ̀, mo ka Bísímílláhì. Ibẹ̀ ni ìwé tí mo mọ̀ parí sí. N kò rò ó pé kò sí ohun tí Bàbá ń kọ tí wọn kì í fi Bísímílláhì bẹ̀rẹ̀, títí kan lẹ́tà sí ẹni tó ń bá wọn tún páànù ṣe. Mo fọ ojú kan, mo fọ ojú kejì. Omi náà dúdú kọjá ti àtẹ̀yìnwá, inú mi sì dùn pé ti Múdà yìí lágbára. Ó mu ún tán pẹ̀lú ẹkún.

Bàbá bá wàláà náà nínú oòrùn, ó mọ́ tónítóní.

"Ta ló fọ èyí?"

Mo kúnlẹ̀. Mo ní èmi ni, mo ní Múdà ló mu ún.

Wọ́n jókòó sórí ẹní. Wọ́n bi mí pé, "Kí lo rí kà níbẹ̀?"

"Bísímílláhì."

"Ṣé kò ju ìyẹn lọ?"

Mo ní kò ju ìyẹn lọ. Wọn kò nà mí. Ì bá sàn kí wọ́n nà mí.

Nígbà tí Àǹtí Yunifásítì dé, Bàbá gbìyànjú láti fẹnu sọ ìtàn tí kò tíì dé orí tákàdá. Orúkọ ń já mọ́ wọn lẹ́nu, wọ́n ń fi ọmọ ilé kan sí ilé mìíràn, ó sì rẹ̀ wọ́n kíákíá. Wọ́n ní kí àlejò padà wá, àwọn yóò tún un kọ. Kí òjò ọdún yẹn tó dá, Bàbá ti papò dà. Ìwé Àǹtí Yunifásítì jáde ní ọdún mélòó kan lẹ́yìn náà, mo sì wá a kàn nígbà tí mo wọ yunifásítì. Ìlà kan ṣoṣo ló kàn wá, pé àgbàlagbà kan ní Ìwó sọ pé ìyá òun tọ́jú ọmọ nígbà èéyi. Orúkọ Àṣàkẹ́ kò sí níbẹ̀.

Ìtàn ìlera ni èmi náà ń kọ́ àwọn ọmọ yunifásítì báyìí. Mo máa ń lọ sí Kuta àti Ilé-Ogbó, mo máa ń kúnlẹ̀ kí àwọn àgbà, kí n tó tan fóònù tí mo fi ń gba ohùn wọn sílẹ̀. Bí mo bá rí wàláà tó ní ìkọ̀wé lára, mo máa ń yà á ní fọ́tò kí n tó jókòó. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi rò pé àṣejù ni. Nígbà kan, mo kọ orúkọ Àṣàkẹ́ sínú iṣẹ́ ìwádìí mi. Ọ̀gá tó yẹ̀ ẹ́ wò fa ìlà sí i nídìí, ó béèrè pé níbo ni ẹ̀rí wà. Mo pa á rẹ́. Múdà, tó ti di bàbá ọlọ́mọ mẹ́ta, máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé inú òun ni ẹ̀rí náà wà, kí n wá gba ohùn ikùn òun sílẹ̀. Mo máa ń rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó ń dùn mí.

Èmi ni wọ́n fún ní wàláà náà nígbà tí wọ́n pín ẹrù Bàbá. Ó wà lára ògiri ọ́fíìsì mi. Ọmọ tó fọ̀ ọ́ kò lè kà kọjá ìlà àkọ́kọ́. Èmi lè ka lẹ́tà kéú báyìí láti òkè délẹ̀, bó ti wù kí ọwọ́ ẹni tó kọ ọ́ rí. Nígbà mìíràn, tí kò bá sí akẹ́kọ̀ọ́ kankan lọ́dọ̀ mi, mo máa ń gbé e sọ̀kalẹ̀, mo máa ń yí i sí oòrùn ojú fèrèsé, ojú kan, ojú kejì, bóyá n óò rí ìlà kan kà. Mo fọ̀ ọ́ dáadáa lọ́jọ́ yẹn.